Ìwé Ìyọ̀ǹda àti Ìwé Èèwọ̀: Bí A Ó Ti Ṣọ́ Ẹnubodè Ọ̀rọ̀ Wa
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé Ẹgbẹ́ ní Ṣàrẹ́)



Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́ wọ aṣọ tuntun, ṣùgbọ́n ara àtijọ́ ni ó wà nínú aṣọ náà. Ìbéèrè náà ni èyí: bí àwa tìkára wa bá ní ibùdó ọ̀rọ̀ tiwa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, báwo ni a ó ti ṣọ́ ẹnubodè rẹ̀? Ṣé kí a kọ orúkọ àwọn tí a gbà láàyè sínú ìwé, kí a sì ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo àwọn tí ó kù? Tàbí kí a ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún gbogbo ayé, kí a sì kọ orúkọ kìkì àwọn tí ìwà wọn mú kí a lé wọn jáde? Ìwé ti ìṣáájú ni èmi yóò máa pè ní ìwé ìyọ̀ǹda. Èkejì ni èmi yóò máa pè ní ìwé èèwọ̀.

Ó yẹ kí ẹgbẹ́ bí tiwa fi etí sí orúkọ. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìwé ìyọ̀ǹda ní ìwé funfun, tí wọ́n sì ń pe ìwé èèwọ̀ ní ìwé dúdú. Láti nǹkan bí ọdún 2020 ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti bẹ̀rẹ̀ sí fi orúkọ wọ̀nyí sílẹ̀, nítorí wọn kò fẹ́ kí àwọ̀ kan máa jẹ́ orúkọ ohun rere kí èkejì sì máa jẹ́ orúkọ ohun búburú. Àwa kò ní láti dúró de ìpinnu wọn. Èdè wa ní ìyọ̀ǹda, ó sì ní èèwọ̀. Kò sì sí àwọ̀ ara ẹnikẹ́ni nínú méjèèjì.

BÍ ÀWỌN IBÙDÓ WỌ̀NYÍ TI RÍ

Ẹ̀yin mọ Facebook, ẹ sì mọ Twitter tí a ń pè ní X nísisìyí. Olúkúlùkù wọn dàbí ọjà ńlá kan tí olúwa rẹ̀ jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo. Olúwa ọjà ni ó ń sọ ẹni tí yóò pàtẹ àti ẹni tí a ó gbé àtẹ rẹ̀ dànù. Àwa ní Nàìjíríà ti rí ibi tí ọ̀nà yìí lè já sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Júùnù 2021, Twitter pa ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Buhari kọ rẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù náà ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn dá Twitter dúró ní gbogbo ilẹ̀ wa, wọ́n sì pàṣẹ fún àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù láti dí ọ̀nà rẹ̀. Ó di ọjọ́ kẹtàlá oṣù Jánúárì 2022 kí a tó ṣí i padà. Ní oṣù Júláì ọdún náà ni Ilé Ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé ìdènà náà kò bá òfin mu. Ọwọ́ méjì ni ó ja ìjà yìí: ọwọ́ olúwa ọjà àti ọwọ́ ìjọba. Oníṣòwò tí ń fi ibẹ̀ ta ọjà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń fi ibẹ̀ wá ìmọ̀, kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè ohunkóhun.

Nítorí irú èyí ni àwọn ènìyàn kan ṣe ronú ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 2016, Eugen Rochko, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ilẹ̀ Jámánì, gbé ohun tí a ń pè ní Mastodon jáde. Kì í ṣe ọjà kan. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà tí ó lágbára tó, tí ó sì lè san owó orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lè dá ibùdó tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ibùdó wọ̀nyí ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ìlú ti ń ránṣẹ́ sí ìlú. Èdè àjùmọ̀sọ wọn ni ActivityPub, èyí tí W3C, ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìlànà fún íntánẹ́ẹ̀tì, fi ọwọ́ sí ní oṣù Jánúárì 2018. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibùdó ni ó wà lónìí. Ẹni tí ó wà ní ibùdó kan lè ka ọ̀rọ̀ ẹni tí ó wà ní ibùdó mìíràn, kí ó sì tún un sọ fún àwọn tí ń tẹ̀lé e. Kò sí ọba kan tí ó jẹ lé gbogbo wọn lórí. Baálé ni ó wà ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, baálé yìí ni ó sì ń ṣọ́ ẹnubodè.

Níbi tí baálé pọ̀ sí, ìwé ẹnubodè pẹ̀lú yóò pọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìwé méjèèjì fi di ọ̀rọ̀ ńlá.

AGBÁRA ÌWÉ KỌ̀Ọ̀KAN

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìwé ìyọ̀ǹda. Mastodon ní ètò kan tí ó jẹ́ pé bí baálé bá tàn án, ibùdó rẹ̀ kò ní bá ibùdó kankan sọ̀rọ̀ àfi èyí tí òun tìkára rẹ̀ ti fi ọwọ́ sí. Èrè rẹ̀ hàn gbangba. Olè tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀ kò lè wọlé. Ẹlẹ́gàn tí ó yí orúkọ padà ní òru kò rí ibi kankan gbà. Àwọn tí ayé ń bú, tí a ń lépa nítorí ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn wọn, a máa fẹ́ràn ìwé yìí, a kò sì lè bá wọn wí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Bí ibùdó 100 bá wà, tí gbogbo wọn sì ń lo ìwé ìyọ̀ǹda, kí olúkúlùkù tó lè bá èkejì sọ̀rọ̀, àdéhùn tí wọn yóò ṣe láàárín ara wọn yóò jẹ́ 4,950. Bí ẹni kọkànlélọ́gọ́rùn-ún bá dé, yóò kan ilẹ̀kùn 100 kí ó tó dọ́gba pẹ̀lú àwọn tí ó bá níbẹ̀. Ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún un? Ẹni ńlá tí gbogbo ayé mọ̀ kò ní ìṣòro, nítorí orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé gbogbo ènìyàn. Àwọn ọmọ wa díẹ̀ tí wọ́n bá dá ibùdó kékeré sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston láti máa sọ èdè Ìgbómìnà kí ó má baà parun, àwọn ni yóò dúró ní ìta. Báyìí ni ìwé ìyọ̀ǹda, bí gbogbo ènìyàn bá ń lò ó, yóò ṣe gba ẹ̀yìn ilé mú olúwa ọjà kan ṣoṣo padà wá, ẹni tí a ti sá fún láti ojúde.

Ìwé èèwọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Òun ni ó bá ìṣe ọjà wa mu. Ọjà Ṣàrẹ́ kì í bi Nupe, Fúlàní, Haúsá tàbí ará Ọ̀fà pé ta ni ó júwe rẹ̀ kí ó tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹni tí ó bá jalè ni a ń lé. Àlejò tuntun ní àǹfààní kan náà pẹ̀lú onílé títí ìwà rẹ̀ yóò fi dá a lẹ́jọ́. Nígbà tí Gab, ibùdó tí ọ̀rọ̀ ìkórìíra pọ̀ nínú rẹ̀, kó wọ inú ètò Mastodon ní oṣù Júláì 2019, kò sí ọba tí ó pàṣẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ baálé, olúkúlùkù nínú ibùdó tirẹ̀, kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé èèwọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn wọn.

Àléébù ìwé èèwọ̀ ni pé ẹnìkan ní láti kọ́kọ́ jìyà kí a tó mọ orúkọ ẹni tí ó fi ìyà jẹ ẹ́. Gab tóbi, orúkọ rẹ̀ sì hàn. Ẹni kékeré tí ó lè ra orúkọ tuntun lówó pọ́ọ́kú lè padà wá lọ́la pẹ̀lú ojú mìíràn.

Ọ̀nà kan tún wà láàárín méjèèjì. Baálé lè dín ohùn ibùdó kan kù láìlé e: àwọn tí ó mọ̀ ọ́n tí wọ́n sì ń tẹ̀lé e yóò máa gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò ní lè kígbe ní ojúde fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà wa mọ ọ̀nà yìí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó sọ̀rọ̀ àìtọ́ nínú ìgbìmọ̀ ni a ń lé kúrò ní ìlú. Ẹlòmíràn wà tí a kàn ń ní kí ó jókòó ná.

Ọ̀NÀ KAN KÒ WỌ ỌJÀ

Nísisìyí mo fẹ́ sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ nípa bí ọ̀rọ̀ ti ń rìn láti ibùdó dé ibùdó. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ibùdó mẹ́ta: ọ̀kan ní Ṣàrẹ́, ọ̀kan ní Ọ̀mù-Àrán, ìkẹta jẹ́ ti àwọn ẹlẹ́gàn. Ṣàrẹ́ ti kọ orúkọ ẹlẹ́gàn sínú ìwé èèwọ̀. Ọ̀mù-Àrán kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ṣàrẹ́ kan sọ̀rọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ọ̀mù-Àrán sì tún un sọ fún gbogbo àwọn tí ń tẹ̀lé e, àwọn kan nínú wọn sì wà ní ibùdó ẹlẹ́gàn. Ṣé ọ̀rọ̀ náà yóò dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́gàn?

Ó lè dé. Ohun tí Ọ̀mù-Àrán ń rán kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà tìkára rẹ̀, bí kò ṣe ojú ọ̀nà rẹ̀, bí ẹni tí ó wí pé: ọ̀rọ̀ kan wà ní Ṣàrẹ́, ẹ lọ wò ó. Ẹlẹ́gàn yóò wá sí Ṣàrẹ́ láti mú un. Bí oníbodè Ṣàrẹ́ kì í bá béèrè pé ta ni ìwọ, yóò fi ọ̀rọ̀ náà lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé èèwọ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, nítorí orúkọ tí a kọ sínú ìwé kò wúlò bí a kò bá bi àlejò ní orúkọ.

Ìwòsàn rẹ̀ wà, ó sì jọ ohun tí àwọn baba wa ń ṣe. Nígbà tí ọba kan bá ránṣẹ́ sí ọba kejì, ìránṣẹ́ a máa mú àrokò lọ́wọ́, owó ẹyọ tàbí ohun mìíràn tí a so pọ̀, ẹni tí ó bá sì rí i yóò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹni báyìí ni ó ti wá. Mastodon ní ètò tí ó ń béèrè irú àrokò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ibùdó gbogbo tí ó bá wá mú ọ̀rọ̀. Ní ibùdó tí ó bá ń lo ìwé ìyọ̀ǹda, ètò àrokò yìí wà lára rẹ̀. Ní ibùdó tí ó bá ń lo ìwé èèwọ̀, baálé tìkára rẹ̀ ni ó ní láti rántí tàn án. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí a ń wí pé ìwé èèwọ̀ kò ní agbára, àrokò ni a kò béèrè.

Síbẹ̀, ẹyin ni ohùn. Ẹni tí a gbà wọlé lè ya àwòrán ọ̀rọ̀ náà kí ó sì gbé e lọ. Ìwé kankan kò lè dí ọ̀nà yìí. Nítorí náà ohun tí kò yẹ kí ó jáde nínú ìyẹ̀wù, kí a má ṣe gbé e sí orí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, ìbáà jẹ́ nínú ibùdó tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa.

OHUN TÍ ÌWÉ ÈÈWỌ̀ TI ṢE FÚN WA

Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ má ṣe rò pé nítorí pé mo yin ìwé èèwọ̀, n kò mọ ìkà tí a lè fi í ṣe. Àwa gan-an ti jẹ nínú rẹ̀.

Lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí a ń pè ní ímeèlì, kò ní olúwa kan ṣoṣo. Ó ti rí bẹ́ẹ̀ kí Mastodon tó dé. Nígbà tí lẹ́tà àìpè pọ̀ jù, àwọn amojú-ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé èèwọ̀ tí wọ́n ń pín fún ara wọn. Láti ọdún 1997 ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti wà ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ rere ni, láìsí i ni ìdọ̀tí ìbá ti bo lẹ́tà wa mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àkókò náà ni àwọn oníjìbìtì kan láàárín wa ń fi lẹ́tà ẹ̀tàn ránṣẹ́ káàkiri ayé, títí nọ́ńbà 419, èyí tí í ṣe abala kan nínú ìwé òfin ọ̀daràn wa, fi di orúkọ tí a fi ń pe ìwà náà. Kí ni ó tẹ̀lé e? Àwọn kan kò tún wá orúkọ oníjìbìtì mọ́. Wọ́n dí ọ̀nà mọ́ gbogbo ohun tí ó bá ti Nàìjíríà wá. Nínú ọ̀ràn owó pẹ̀lú, PayPal kò gba ẹni tí ń gbé Nàìjíríà láàyè títí di ọdún 2014. Nígbà tí ó sì ṣílẹ̀kùn, ó gbà kí a máa fi owó ránṣẹ́, kò gbà kí a máa gbà á. Ìka kan ni ó tọ́ epo, ó sì ran gbogbo ọwọ́. Olùkọ́, onígbàgbọ́, Mùsùlùmí, oníṣòwò olóòótọ́, gbogbo wa ni a kó sínú ìwé kan náà láìgbọ́ ẹjọ́ wa.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ó bàjẹ́ níhìn-ín. Ìwé èèwọ̀ ti kúrò ní ìdájọ́ lórí ìwà, ó ti di ìdájọ́ lórí ilẹ̀ tí a bí ènìyàn sí. Lẹ́yìn èyí, ẹni tí ó kọ ìwé náà jìnnà sí wa. A kò mọ ẹni tí a ó lọ bá. Àwọn tí ó sì ń lò ó kò wádìí. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn bí ẹni gba omi mu. Àwọn àgbà wa sì ti wí pé, àgbà òṣìkà ni agbẹjọ́-ẹnìkan-dá.

Ewu kan náà wà láàárín àwọn ibùdó tuntun wọ̀nyí, nítorí àwọn baálé ń gba ìwé èèwọ̀ ara wọn, wọ́n sì ń fi ṣe tiwọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ibùdó kékeré tí ń sọ èdè tí ẹni tí ó kọ ìwé náà kò gbọ́ lè bá orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀ láìmọ ìdí.

ÀWA ÀTI ALÁDÙÚGBÒ WA

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ilé. Ìlú wa yìí, olórí ìlú fún ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, wà ní ibi tí ilẹ̀ Ìgbómìnà ti bá ilẹ̀ Nupe pààlà. Ìjà ilẹ̀ ti wà láàárín àwa àti àwọn ará Tsaragi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó níhìn-ín mọ ohun tí ó bà jẹ́. Bí a bá dá ibùdó Ṣàrẹ́ sílẹ̀ lónìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan yóò dìde lọ́la pé: ẹ kọ gbogbo ibùdó Nupe sínú ìwé èèwọ̀. Ẹlòmíràn tí ó rò pé òun gbọ́n jù yóò wí pé: ẹ jẹ́ kí a lo ìwé ìyọ̀ǹda, kí ó jẹ́ àwa àti ara wa nìkan.

Èmi lòdì sí méjèèjì. Nígbà tí ariwo bá sọ ní òru pé a ti pa ẹnìkan ní oko, ta ni ó lè sọ kíákíá pé irọ́ ni? Ẹni tí ó wà ní ìhà kejì ààlà ni. Bí a bá ti dí ẹnu rẹ̀, irọ́ náà yóò máa yí po láàárín wa, ẹni mẹ́wàá yóò tún un sọ, olúkúlùkù yóò sì rò pé ẹlẹ́rìí ni ẹnìkejì. Bákan náà ni yóò rí lọ́dọ̀ wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àdá yóò ti jáde. Bí ó bá jẹ́ Nupe kan ni ó ń bú wa, kí a lé ẹni náà. Bí ó bá jẹ́ ọmọ wa ni ó ń bú wọn, kí a lé e bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ẹni tí ayé ti fi ẹ̀ṣẹ̀ 419 jẹ níyà kò gbọdọ̀ fi irú ìyà bẹ́ẹ̀ jẹ aládùúgbò rẹ̀.

ÌMỌ̀RÀN

Nítorí náà mo mú ìmọ̀ràn wọ̀nyí wá síwájú Ẹgbẹ́.

Èkínní, kí ojúde wa wà ní ṣíṣí, kí a sì fi ìwé èèwọ̀ ṣọ́ ọ, pẹ̀lú ètò àrokò tí a tàn. Ohun tí a fẹ́ kí ayé mọ̀ nípa wa ni yóò wà níbẹ̀: oríkì ìlú, ìtàn, àwòrán àwọn ère òkúta Èsìẹ́, èyí tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ̀ ti ṣí láti ọdún 1945, tí ó sì jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà.

Èkejì, kí a ní ìyẹ̀wù kan lọ́tọ̀ fún àwọn ọmọdé tí ń kọ́ èdè, kí ìwé ìyọ̀ǹda sì ṣọ́ ọ. Kò sí ẹni tí ń fi ilé ọmọdé sílẹ̀ ní ṣíṣí títí olè yóò fi fi ara hàn.

Ẹ̀kẹta, kí ó má ṣe jẹ́ ẹnìkan ni yóò máa kọ orúkọ sínú ìwé èèwọ̀. Kí ó kéré tán jẹ́ ẹni mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ obìnrin, nítorí èébú orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń bá àwọn obìnrin púpọ̀. Kí a kọ ìdí rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí ó fà á, kí gbogbo ènìyàn lè kà á.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹni tí a lé ní ibi tí ó lè wá ṣe àròyé, kí a sì máa yẹ ìwé náà wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Ẹ̀karùn-ún, kí a má ṣe gba ìwé èèwọ̀ ẹlòmíràn láìyẹ̀ ẹ́ wò ní orúkọ dé orúkọ. A lè fi ṣe ìtọ́ka. A kò gbọdọ̀ fi ṣe ìdájọ́.

Ẹ̀kẹfà, kí a má ṣe kọ ẹ̀yà, ìlú tàbí ẹ̀sìn kankan sínú ìwé náà láéláé. Ìwà ni kí a kọ.

Ẹ̀yin àgbà, ìtàn àwọn baba wa fi yé wa pé inú ọ̀rọ̀ "ògbó mọ̀nà" ni orúkọ Ìgbómìnà ti jáde, nítorí pé ògbó ni ó ń la ọ̀nà fún wọn nínú igbó. Ohun èlò kan náà tí ń la ọ̀nà ni a lè fi gé igi dí ọ̀nà. Irin náà kò mọ èwo ni ó tọ́. Ọwọ́ tí ó mú un ni yóò dáhùn fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé méjèèjì rí. Kí Ọlọ́run kí ó fún wa ní ọwọ́ tí kì í ṣe ojúsàájú, kí ó sì jẹ́ kí ìlú wa tòrò, àti ìlú àwọn aládùúgbò wa.